Timing light méjì tí mo rà fún ẹ́ńjìnnì bóòtì 454 mi, àti irin kékeré kan tí mi ò bá ti kọ́kọ́ rà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tèmi, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní bóòtì tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nínú ikùn, kì í ṣe èyí tí wọ́n gbé kọ́ ìdí. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ nípa timing light méjì tí mo rà, ìyẹn tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń wo táímìnì ẹ́ńjìnnì (àsìkò tí iná púlọ́ọ̀gì ń ta), ọwọ́ mi ni ò dilẹ̀. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí mo ti ń lo àwọn méjèèjì, mo ti fi wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì tèmi, mo ti fi ṣe ti ọ̀rẹ́ mẹ́ta, oòrùn ti pa wọ́n, omi iyọ̀ ti ta sí wọn lára, ọ̀kan tiẹ̀ ti já bọ́ sínú omi abẹ́ ẹ́ńjìnnì rí, torí náà ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Mi ò ní dárúkọ àwọn tó ṣe wọ́n. Irú wọn pọ̀ lọ́jà, orúkọ tí wọ́n kọ sára wọn ló kàn ń yàtọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ ló jà. Àkọ́kọ́ ní ojú bíi ti kákúlétọ̀, ó ń sọ iye RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), ó ń sọ fóltì bátìrì, ó sì ní bọ́tìnnì tẹ́ ẹ máa fi tẹ dìgírì síwá-sẹ́yìn títí àmì òdo tó wà lára púlì iwájú ẹ́ńjìnnì fi máa dúró lójú kan, iye tó bá wà lójú rẹ̀ nígbà yẹn ni táímìnì yín. Dial-back ni wọ́n ń pè é. Ẹ jẹ́ n máa pè é ní olówó ńlá. Èkejì ò ní ojú, kò ní bọ́tìnnì ju ẹyọ kan tẹ́ ẹ máa fi ìka fà lọ, ó kàn ń tanná ni gbogbo ìgbà tí púlọ́ọ̀gì kìíní bá ta, ìyẹn ni olówó pọ́ọ́kú, owó rẹ̀ ò tó ìdajì ti àkọ́kọ́.

Bóòtì mi, tòkúnbọ̀ ni, ẹsẹ̀ bàtà 26, Badore ní Èkó ni mo máa ń so ó mọ́. MerCruiser 454 ló wà nínú rẹ̀, Chevrolet big block ni lábẹ́, lítà 7.4, irú Mark IV tí wọ́n ń ṣe kó tó di 1991. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti yọ ignition (ohun tó ń pèsè iná púlọ́ọ̀gì) tó bá a wá, ó gbé dìsítíríbútọ̀ MSD ti ojú omi, tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì, sí i, èyí tó ń lo wéètì àti sípíríìnì, pẹ̀lú àpótí MSD 6M-2L tó ń fún iná púlọ́ọ̀gì lágbára. Ẹ́ńjìnnì tó dáa ni, àmọ́ kì í gba ìgbàkugbà.

Ohun tó gbé mi dé ìdí tọ́ọ̀ṣì rè é. December ọdún kan, mo gbé bóòtì lọ sọ́dọ̀ àwọn kan pé kí wọ́n ṣe sáfíìsì, kí wọ́n yẹ táímìnì wò torí a fẹ́ lọ Ilashe. Wọ́n ṣe é lójú mi, wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì tiwọn wò ó, wọ́n gbé e sí dìgírì 34, mo sanwó, mo dúpẹ́. Lọ́nà àbọ̀, a jẹ́ mẹ́sàn-án nínú ọkọ̀, ẹrù kún, a ti kọjá Falomo a ti bọ́ sí ojú ọ̀sà gbalaja, mo wá ṣí i sílẹ̀ kó lè gorí omi. Ìyàwó mi tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì, ló na ọwọ́ sí mi pé, "Dádì wọn, kí ló ń dún bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo yẹn?" Èmi tí mo wà nídìí sítíárìn, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Nínú mọ́tò èèyàn máa ń gbọ́ irú ariwo yẹn, nínú bóòtì V8 ìró páìpù èéfín máa ń bò ó mọ́lẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà. Kí n tó fa ọwọ́ padà, ẹ́ńjìnnì ti ń gbóná, a sì fi síló rìn délé nínú òkùnkùn. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó láàárín sìlíńdà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Àwọn tó ṣe é yẹn ní epo ni. Wọ́n pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n dá táímìnì padà sí 34, mo tún sanwó. Ìgbà yẹn ni mo bínú lọ ra olówó ńlá, mo ní èmi fúnra mi ni màá máa wo nǹkan mi.

Kí n sọ ohun tí táímìnì jẹ́ díẹ̀ fẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n, torí ẹni tí ò bá mọ èyí, tọ́ọ̀ṣì yòówù kó rà, iná lásán ló rà. Epo àti afẹ́fẹ́ tó wọ sìlíńdà kì í bú gbàù lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ẹnu púlọ́ọ̀gì ló ti máa ń jó lọ sí etí, bí iná ọyẹ́ ṣe ń jó pápá, ó sì máa ń gba àsìkò, bó ti wù kó kéré tó. Ohun tá a fẹ́ ni pé kí ìtìkalẹ̀ iná yẹn le jù lọ nígbà tí písítìnnì ti dókè tán, tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ní nǹkan bíi dìgírì 15 nínú 360 tó wà nínú ìyípo kan. Ìdí nìyẹn tí púlọ́ọ̀gì fi gbọ́dọ̀ ta kí písítìnnì tó dókè. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí 4000 ní ìṣẹ́jú kan, ìyípo kan ò ju millisecond 15 lọ, dìgírì 34 tá a ń sọ yìí, millisecond 1.4 péré ni. Ní síló, tó bá ń yí 700, dìgírì 34 kan náà á gba millisecond 8, ó ti pọ̀ jù, iná á ti jó tán kí písítìnnì tó débẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n fi wéètì àti sípíríìnì sínú dìsítíríbútọ̀ nìyẹn, bí eré bá ṣe ń pọ̀ ni wéètì ń ṣí, iná á máa yá sí i.

Tó bá wá yá jù, iná á máa ti písítìnnì wálẹ̀ nígbà tí kiráńkì ṣì ń gbé e gòkè bọ̀, bí ìgbà tẹ́nì kan ń ti ilẹ̀kùn látinú tẹ́lòmíì ń tì í láti ìta, ilẹ̀kùn ló máa jìyà. Epo tó kù sí kọ̀rọ̀ á wá gbaná fúnra rẹ̀, òun ni òkúta inú agolo tí ìyàwó mi gbọ́. Tó bá pẹ́ jù ńkọ́? Bóòtì á wúwo, iná á ṣì máa jó bó ṣe ń jáde lọ, páìpù èéfín á gbóná kọjá ààlà, fáàfù á jó. Ìyẹn náà burú, àmọ́ kì í yára pa ẹ́ńjìnnì bíi ti àkọ́kọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí mẹkáníìkì mọ́tò sọ fún yín pé V8 ni V8 ń jẹ́. Mọ́tò máa ń sinmi, ó ń sọ òkè, ó ń dúró nínú gosiló. Ẹ́ńjìnnì bóòtì, bí ọkọ̀ tó kún fọ́fọ́ tó ń gun òkè Mápó ni, tí òkè náà ò sì tán láti Badore títí dé Ilashe. Omi kì í fún un láyè kó yí lọ fúnra rẹ̀. Vacuum advance tó wà lára dìsítíríbútọ̀ mọ́tò, ìyẹn ohun tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa afẹ́fẹ́ mú kí iná yá sí i, kì í sí lára ti ojú omi, torí iṣẹ́ rẹ̀ wà fún ìgbà tí ẹrù bá fúyẹ́, ẹrù bóòtì kì í sì í fúyẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí olówó ńlá. Ọjọ́ tó dé ọwọ́ mi inú mi dùn, ó dì mọ́ ọwọ́ dáadáa, wáyà rẹ̀ ń yọ kúrò lára rẹ̀ kí wọ́n má baà ká a bàjẹ́, ojú rẹ̀ ń kọ nọ́ńbà pupa gàdàgbà. RPM tó ń sọ ni mo gbádùn jù. Mítà tó wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù bóòtì mi, irọ́ ló ń pa, tó bá wà ní 3200 tọ́ọ̀ṣì á ní 2950 ni, mo sì fi tọ́ọ̀ṣì míì yẹ̀ ẹ́ wò, 2950 náà ni. Ẹ wo ìyẹn, ẹni tó ń ṣe táímìnì pẹ̀lú mítà tó ń parọ́, á rò pé wéètì ti ṣí tán nígbà tí kò tíì ṣí tán.

Àmọ́ ibi tó ti já mi kulẹ̀ ni síló. Àpótí MSD mi kì í ta iná ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ́ńjìnnì bá wà lábẹ́ nǹkan bí 3000, ó máa ń ta á léraléra fún bíi dìgírì 20 ti kiráńkì kí epo lè jó dáadáa. Dial-back sì jẹ́ pé ó ń ka àlàfo láàárín iná kan sí èkejì ni kó tó mọ ìgbà tó máa tanná tirẹ̀, tí iná bá wá di mẹ́ta mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, orí rẹ̀ á dàrú. Mo wò ó ní síló, ó ní 9, mo tún wò ó, ó ní 22, mo wò ó lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní 14, èmi ò sì fọwọ́ kan nǹkan kan. Tó bá ti kọjá 3000 ló tó gbọ́n padà. Tí ẹ bá ní àpótí tó ń ta iná púpọ̀ báyìí, ẹ fi sọ́kàn. Tí ignition yín bá jẹ́ irú tó ń ta ẹ̀ẹ̀kan, bíi Thunderbolt tó bá MerCruiser wá, kò sí ìyọnu yìí.

Wáyà bátìrì rẹ̀ tún kúrú. Bátìrì bóòtì kì í sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì bíi ti mọ́tò, tèmi wà lábẹ́ àga, mo ní láti gbé bátìrì kejì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí n tó lè lò ó. Ojú nọ́ńbà rẹ̀ pàápàá, tó bá ti di aago mẹ́wàá àárọ̀ ní Èkó, ẹ ò ní rí i mọ́ àfi tẹ́ ẹ bá fi fìlà bò ó.

Mo ṣáà gbé e sókè dé 3300, ó ní 34. Mo ní ẹ ò rí i, àwọn yẹn ṣe é dáadáa. Mo gbé bóòtì jáde, mo kó àwọn ọmọkùnrin jẹ́tì mẹ́fà sínú rẹ̀ kó lè wúwo, mo fi ẹnì kan sídìí ìdérí ẹ́ńjìnnì kó máa gbọ́ fún mi. Bó ṣe fẹ́ gorí omi báyìí ló kígbe, "Ọ̀gá, ó ti ń dún o!" Mo pa á lójú ẹsẹ̀. Ọkàn mi bàjẹ́. Mo rò pé tọ́ọ̀ṣì ni ò dáa, ni mo bá tún ní kí àbúrò mi kan ní Houston ra olówó pọ́ọ́kú fi ránṣẹ́, òun náà dé, mo fi wò ó, ohun kan náà, 34.

Ìgbà yẹn ni mo wá lọ bá Àlájì kan tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì bóòtì láti ìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ní, "Àlájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ló ti ní nǹkan kan náà." Wọ́n kọ́kọ́ yọ púlọ́ọ̀gì, wọ́n gbé ọ̀kan sójú oòrùn, wọ́n ní kí n wo àwo funfun tó wà lẹ́nu rẹ̀. Nǹkan wẹ́wẹ́ kan ń dán lára rẹ̀ bí iyanrìn. "Àbúrò, ṣé o rí eléyìí? Ara písítìnnì ẹ ló ń yọ́ bọ́ yẹn."

Ẹnu mi ò lè gbà á. Mo bi wọ́n pé ṣé 34 ti wá pọ̀ jù fún 454 ni, wọ́n ní rárá, irú ẹ́ńjìnnì yìí láàárín 32 sí 36 ló máa ń wà tó bá ti ṣí tán, wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé 34 ni? Àmì tó wà lára púlì ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ ti bi àmì náà léèrè?"

Ni wọ́n bá mú irin kékeré kan jáde nínú àpótí, kò gùn ju ìka lọ, ó ní ojú yíyí bíi ti púlọ́ọ̀gì, orí rẹ̀ rí róbótó. Piston stop ni. Èyí ni irin tí mo sọ pé mi ò bá ti kọ́kọ́ rà. Wọ́n ní kí n yọ orí bátìrì, kí ẹnikẹ́ni má lọ tẹ sítátà tí irin wà nínú sìlíńdà. Wọ́n yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì kúrò kó lè rọrùn láti yí, wọ́n yí irin náà sínú ihò sìlíńdà kìíní, iwájú lápá òsì nìyẹn lára Chevrolet, wọ́n wá fi sípánà yí kiráńkì jẹ́jẹ́ títí písítìnnì fi kan irin. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára púlì. Wọ́n yí i padà lọ́nà kejì títí ó fi tún kan irin, wọ́n fa ìlà míì. Agbedeméjì ìlà méjèèjì yẹn ni òkè pátápátá tí kì í parọ́, ohun tí wọ́n ń pè ní TDC.

Àmì òdo tó wà lára púlì mi ò sí ní agbedeméjì. Ó fi dìgírì mẹ́fà síwájú, lápá ibi tí ẹ́ńjìnnì ń yí sí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé púlì yẹn, balancer ni orúkọ rẹ̀ gan-an, kì í ṣe irin ẹyọ kan. Irin kan wà nínú, òrùka irin kan wà níta, rọ́bà ló wà láàárín wọn tó ń gba ìgbọ̀n. Rọ́bà tèmi ti gbó, òrùka ìta ti yọ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, ó sì gbé àmì lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Fífẹ̀ tèmi jẹ́ íńṣì mẹ́jọ, dìgírì kan lórí rẹ̀ ò tó mílímítà méjì, mẹ́fà yẹn jẹ́ mílímítà mẹ́wàá ó lé díẹ̀, ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n láéláé. Nígbà tí gbogbo tọ́ọ̀ṣì ń sọ 34, iná ń ta ní 40. Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é ò parọ́ fún mi, tọ́ọ̀ṣì náà ò parọ́, ohun tí gbogbo wa ń wò ló ti kúrò láyè rẹ̀, wọn ò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Inú ṣì ń bí mi sí wọn lórí pé wọ́n tú orí ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ nígbà gásíkẹ́ẹ̀tì, ojú písítìnnì hàn gbangba, wọn ò sì fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wo àmì yẹn.

Mo pààrọ̀ balancer. Ẹ ṣọ́ra níbí o, ti 454 àtijọ́ ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá sí ẹ̀gbẹ́ kan kó lè bá ti kiráńkì mu, ti 427 ò ní in, àwọn méjèèjì sì lè wọ ara wọn. Ẹni tó bá gbé ti 427 sí 454, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n títí á fi já béárìn.

Lẹ́yìn náà mo lẹ téèpù tí wọ́n ti fa dìgírì sí mọ́ balancer tuntun, téèpù ti íńṣì mẹ́jọ, torí ti íńṣì mẹ́fà ò ní bá a mu. Ibí yìí ni olówó pọ́ọ́kú ti wá gba ipò iwájú lọ́wọ́ mi. Pẹ̀lú téèpù, ẹ ò nílò bọ́tìnnì, ẹ ò nílò ìṣirò kankan, iná á tàn, ẹ máa rí nọ́ńbà tó dojú kọ àmì tó wà lára ẹ́ńjìnnì, ó parí. Iná léraléra ti MSD ò da orí rẹ̀ rú torí kò lórí tó lè dàrú, ó kàn ń tanná nígbà tí wáyà bá ní kó tàn ni. Ní síló ẹ lè rí àmì náà bíi méjì mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn, èyí tó fi dìgírì tó ga jù hàn ni ti àkọ́kọ́, òun ni kẹ́ ẹ kà. Iná rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ ju ti olówó ńlá lọ. Irin ló fi ṣe ẹnu tó ń di wáyà mú, ìpata ti mú un díẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́ iyọ̀, mo máa ń fi gíríìsì pa á báyìí.

Bí èmi ṣe ń ṣe é: àárọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó yọ dáadáa. Bóòtì wà nínú omi, a ti so ó mọ́ jẹ́tì níwájú lẹ́yìn, gíà wà ní nútírà, kò sẹ́ni tó wà nítòsí fánnù ẹ̀yìn. Mi ò kì í gbé e sókè dé 3000 lórí tírélà pẹ̀lú họ́ọ̀sì, omi tó ń wọlé ò lè tó fún páńpù. Mo máa ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, mo máa tan búlówà tó ń fẹ́ òórùn epo jáde, ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo sì máa fi imú mi gbọ́ òórùn epo ní ìsàlẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Ẹ má fojú kéré eléyìí rárá. Òórùn bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ bóòtì ló máa ń lọ dúró sí, tọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ sì mú dání àti orí wáyà tẹ́ ẹ fẹ́ so mọ́ bátìrì, gbogbo wọn ló lè ta iná. Ìdí kan náà ni dìsítíríbútọ̀ ojú omi fi ní àwọ̀n kékeré lẹ́nu ihò rẹ̀ kí iná inú má jáde. Àwọn kan ń fi ti mọ́tò sí bóòtì torí ó rọ̀jú, mo bẹ̀ yín, ẹ yọ ọ́. Ẹbí yín lẹ ń kó sórí rẹ̀.

Mo máa fi ẹnu tọ́ọ̀ṣì gbá wáyà sìlíńdà kìíní mú, kó jìnnà sí àwọn wáyà yòókù. Bí iná ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn lórí ẹ́ńjìnnì yìí ni 1-8-4-3-6-5-7-2. Ẹ wo 5 àti 7, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n sì tẹ̀ lé ara wọn, tí wáyà wọn bá sùn lé ara wọn, iná 5 lè fò sí 7 kó tó kan 7, òun náà ń fa irú bàjẹ́ tí mo sọ lókè. Àlájì ló fi hàn mí, gásíkẹ́ẹ̀tì tó jó yẹn, àárín àwọn méjì yìí gan-an ni. Mo ti fi kílíìpù yà wọ́n sọ́tọ̀ báyìí.

Mo máa gbé ẹ́ńjìnnì sókè díẹ̀díẹ̀, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kan. Ní síló ó wà ní 12, bí mo ṣe ń gbé e lọ àmì á máa rìn, nígbà tó bá dé nǹkan bí 3000 á dúró, kò ní rìn mọ́, wéètì ti ṣí tán nìyẹn. Iye tó wà níbẹ̀ ni mo ń tò, mi ò kì í to ti síló. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń to ti síló wọ́n sì ń fi èyí tó kù lé Ọlọ́run lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ iye tí wéètì máa fi kún ti síló wà lọ́wọ́ búṣì kékeré inú dìsítíríbútọ̀, ti MSD mẹ́rin ló ní, dúdú ń fi 18 kún un, búlúù 21, fàdákà 25, pupa 28. Búlúù ló wà nínú tèmi, 12 pẹ̀lú 21 jẹ́ 33. Ká ní pupa ni, 12 kan náà á di 40. Àmì gbọ́dọ̀ rìn geere, tó bá ń fò tàbí tí kò padà sí 12 nígbà tẹ́ ẹ bá dá a sí síló, ìpata ti mú wéètì tàbí sípíríìnì ti dẹ̀, ojú omi iyọ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì lo sípíríìnì tó fúyẹ́ jù, bóòtì tó kún tó ń gbìyànjú láti gorí omi ní 2500, ẹrù tó wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà yẹn pọ̀ jù kí gbogbo dìgírì ti pé sílẹ̀.

Kí ló dé tí mo fi dúró sí 33 tí mi ò lọ 36? Epo ni. Oríṣi bẹntiróòlù kan ṣoṣo ni wọ́n ń tà fún wa ní pọ́ǹpù, kò sí pé mo fẹ́ èyí tó ga. Àwọn tó ń sọ 36 àti 38 ní Amẹ́ríkà, epo 93 tiwọn ni wọ́n ń rà, bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ga tó ni epo kì í tètè gbaná fúnra rẹ̀. Ó wù mí kí n pàdánù agbára díẹ̀ ju kí n tún gbọ́ òkúta nínú agolo lójú ọ̀sà lálẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ mi. Ká má parọ́, mi ò tiẹ̀ pàdánù nǹkan kan, láti 40 tó wà tẹ́lẹ̀ sí 33, ẹrù kan náà, fánnù kan náà, ó fi nǹkan bí 150 RPM lé ti tẹ́lẹ̀ nígbà tí mo bá ṣí i tán. Púlọ́ọ̀gì tí mo yọ lóṣù tó kọjá mọ́, kò sí nǹkan tó ń dán lára rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Yamaha two-stroke tó kọ́ ìdí, olówó pọ́ọ́kú náà á ṣiṣẹ́ fún yín láti fi yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ kò sí dìsítíríbútọ̀ tẹ́ ẹ máa yí lára tiyín, ọ̀pá kékeré àti sukúrù tó so kábúrétọ̀ pọ̀ mọ́ táímìnì lẹ máa tò, pẹ̀lú dial gauge, ìyẹn mítà kékeré tó ń wọn ibi tí písítìnnì dé, nínú ihò púlọ́ọ̀gì kìíní. Tí tiyín bá sì jẹ́ èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí, tọ́ọ̀ṣì kàn lè sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún yín ni, kò sí ibi tẹ́ ẹ máa fọwọ́ yí.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo ń bẹ̀rẹ̀ lónìí, màá ra piston stop, màá ra téèpù tó bá balancer mi mu, màá wá fi owó tó kù ra olówó pọ́ọ́kú, owó gbogbo wọn ò ní tó ti olówó ńlá nìkan. Olówó ńlá ò burú, mo ṣì ń lò ó fún RPM, ọ̀rẹ́ mi kan tó ní Thunderbolt lára MerCruiser 350 ò sì fẹ́ dá a padà fún mi mọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra piston stop, ojú yíyí mílímítà 14 ni kẹ́ ẹ béèrè fún, òun ló wọ ihò púlọ́ọ̀gì 454, kẹ́ ẹ sì mú èyí tí orí rẹ̀ rí róbótó, èyí tó ṣóńṣó máa ń fa písítìnnì ya.